Mo fẹ́ fọwọ́ hun kọ́tíìnì ilé ìdáná: òwú wo, abẹ́rẹ́ wo?

ỌmọDùgbẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin alábẹ́rẹ́. Mo fẹ́ hun kọ́tíìnì fún fèrèsé ilé ìdáná mi, mo sì fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ kí n tó dáwọ́ lé e. Fèrèsé lúfà ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní gíga, irin olè sì wà lójú rẹ̀ láti inú. Ìdajì ìsàlẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ bò, torí pé fèrèsé aládùúgbò wa ló dojú kọ tèmi. Tí mo bá ń ro àmàlà, gbogbo ará ilé wọn ló ń bá mi rò ó. Òkè á ṣí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé.

Mo mọ kíróṣé, fìlà àti báàgì ni mo máa ń hun. Abẹ́rẹ́ gígùn méjì tí màmá mi fi ń hun súwẹ́tà ọmọ tuntun náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Èwo ni kí n lò nínú méjèèjì? Wúùlù aláwọ̀ wàrà kún inú àpò kan nílé, irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà fún súwẹ́tà, mo sì fẹ́ fi iṣẹ́ yìí lò ó tán.

ÌyáOlówùú

O kú èrò iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ẹ̀yin ò bá wa láyé ìgbà tí kò sí pálọ̀ tí kíróṣé ò sí lórí àga, lórí rédíò, lórí tẹlifíṣọ̀n, títí kan orí fìríìjì. Òwú funfun la fi ń hun gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo hun kí n tó relé ọkọ ṣì wà nínú àpótí mi, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń sá a, kò já.

Wúùlù ọwọ́ rẹ yẹn, fi hun nǹkan mìíràn. Acrylic ló pọ̀ jù nínú wúùlù ọjà wa, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń fa á yọ. Tí iná bá kàn án, yíyọ́ ló ń yọ́, á máa kán tótó, ibi tó bá sì kán sí ló ń lẹ̀ mọ́. Ilé ìdáná lo sì ń sọ yìí. Òwú náà ń jóná o, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tàn ọ́, ṣùgbọ́n eérú ló ń dà, kì í yọ́ mọ́ èèyàn lára. Tó o bá fẹ́ dá a mọ̀, gé díẹ̀, fi irin mú un, ṣáná sí i lórí abọ́ omi. Tó bá ṣù di kókó dúdú líle, kì í ṣe òwú. Tó bá ń rùn bíi bébà tó jóná, tó sì di eérú, òwú ni.

Kí ni gáàsì rẹ fi jìnnà sí fèrèsé náà?

ỌmọDùgbẹ̀

Ẹ ṣé gan-an mà. Ara ògiri kejì ni gáàsì wà, atẹ́gùn ò lè gbé kọ́tíìnì débẹ̀. Mo ti dáná sun ún wò. Kókó dúdú ni. Òwú ni màá rà.

Èkó-ò-gba-gbẹ̀rẹ́

Ẹ dákun, kí lẹ ń da ara yín láàmú fún? Ọjà Balógun kún fún kọ́tíìnì léèsì. Ẹ wọlé, ẹ nájà, ẹ gbé e kọ́ lọ́jọ́ náà. Owó òwú nìkan á ju owó kọ́tíìnì lọ.

BàbáKọ́tíìnì

Èmi tí mò ń ta kọ́tíìnì jẹun, ẹ̀yìn ẹni tó fẹ́ hun ni mo wà. Àbúrò mi ará Èkó, òótọ́ lo sọ ní ti owó, ẹni tó ń wá ẹ̀dínwó kò gbọdọ̀ súnmọ́ abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n arábìnrin yìí ò béèrè ẹ̀dínwó lọ́wọ́ wa.

ỌmọDùgbẹ̀, ìwọ̀n ni kí o kọ́kọ́ yanjú. Má fi téèpù wọn gíláàsì, ibi tí ọ̀pá máa dúró ni kí o wọ̀n. Ọ̀pá yẹ kó ta kọjá fèrèsé ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ́tùn-ún, mẹ́wàá lósì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa yọjú wo inú. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin jẹ́ 122, fi ogún lé e, o ti wà ní nǹkan bíi 140. Gíga ìdajì jẹ́ 60.

Èyí tó ń da àwọn èèyàn rú ni ìlọ́po. Kọ́tíìnì aṣọ lásán, ìlọ́po méjì ìbú la máa ń gé kó lè ká jọ dáadáa. Èyí tí a fọwọ́ hun, tó ní ihò, kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ká jọ jù, gbogbo ọnà tí o fi oorun ṣe á wọ inú ìkákò, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ìbú ọ̀pá gan-an ti tó o. Ṣe é ní abala méjì, 70 lọ́tùn-ún, 70 lósì, kí o lè máa ṣí i láti àárín. Má sì ti ọ̀pá bọ inú ihò ìhun. Òrùka ni kí o rán mọ́ òkè rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ojú òwú kan ṣoṣo ni gbogbo ẹrù rọ̀ mọ́.

Abẹ́rẹ́Méjì

Gbogbo yín ti ń gbè sẹ́yìn kíróṣé láìtíì gbọ́ tẹnu wa. Ìhun oní-abẹ́rẹ́ gígùn méjì ló dára jù fún kọ́tíìnì, mo dúró lórí ẹ̀. Kíróṣé máa ń gan. Èyí tí a fi abẹ́rẹ́ méjì hun máa ń rọ̀ wálẹ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀, tí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ, ó ń mì.

Kò le rárá. Ihò tí a fi ń ṣe ọnà, lílọ́ la ń lọ́ òwú yí abẹ́rẹ́ ká lẹ́ẹ̀kan kí a tó hun ojú tó kàn. Ìyẹn á fi ojú kan kún iye tó wà lórí abẹ́rẹ́, nítorí náà a gbọ́dọ̀ hun ojú méjì pọ̀ di ọ̀kan níbòmíràn nínú ìlà kan náà. Ihò kan, ìsopọ̀ kan. Ẹni tó bá gbàgbé ìsopọ̀, kọ́tíìnì rẹ̀ á máa fẹ̀ bí ó ṣe ń lọ. Lo òwú tín-ínrín pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó sanra ju èyí tí òwú náà ń fẹ́ lọ, ihò á là dáadáa. Ojú mẹ́rin tàbí márùn-ún ní etí méjèèjì, hun wọ́n ní kókó-kókó lójú àti lẹ́yìn, torí etí ìhun dídán máa ń ká bí ewé tó gbẹ.

ÌyáOlówùú (sí Abẹ́rẹ́Méjì)

Ìwọ ọmọ yìí, o sọ ẹwà rẹ̀, o fi àbùkù rẹ̀ pamọ́. Sọ fún un pé ó ń fà.

Abẹ́rẹ́Méjì

Hà, mà, ẹ ò jẹ́ kí n sinmi. Ó dáa, ó ń fà. Ojú ìhun oní-abẹ́rẹ́ méjì jẹ́ ojóbó òwú tó há sínú ara wọn, tí ẹrù bá ti wọ́ ọ, á gùn, á sì tẹ́ẹ́rẹ́. Irun àgùntàn máa ń sún kì padà. Òwú kì í fi bẹ́ẹ̀ sún padà báyẹn. Kọ́tíìnì sì jẹ́ aṣọ tó ń fi ara rẹ̀ kọ́ tọ̀sán-tòru, ẹrù rẹ̀ ló ń fà á.

Oògùn rẹ̀ ni pé kí o hun àpẹẹrẹ kékeré, ogún sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, ogún ní gíga. Fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, wọ̀n ọ́n, kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà gbé e kọ́, fi péègì aṣọ mẹ́rin márùn-ún mú ìsàlẹ̀ rẹ̀, fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tún un wọ̀n. Iye tó fi gùn sí i ni kí o yọ kúrò nínú gíga tí o fẹ́ hun. Kíróṣé náà nílò àyẹ̀wò yìí o, ẹ má jẹ́ kí màmá tàn yín.

ÌyáOlówùú

Mo gbà. Ṣùgbọ́n tìrẹ ló máa ń fà jù.

ỌmọDùgbẹ̀, kíróṣé onígun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí o ṣe, èyí tí ojú rẹ̀ dà bíi ti ìwé gráàfù. Nǹkan méjì péré ló wà nínú rẹ̀: ihò tó ṣí àti ihò tó dí. Òpó ni mò ń pe ojú gíga yẹn, tí a máa ń lọ́ òwú lẹ́ẹ̀kan mọ́ abẹ́rẹ́ kí a tó tì í bọlẹ̀. Fún ihò tó ṣí: òpó kan, ṣéènì méjì (ojú kéékèèké tó so bí ẹ̀wọ̀n), fo ojú méjì, òpó mìíràn. Fún ihò tó dí: dípò ṣéènì méjì yẹn, fi òpó méjì kún àárín. Ó parí. Gbogbo ọnà tó bá ṣeé yà sínú àpótí kéékèèké ló ṣeé hun, ẹyẹ, òdòdó, àní lẹ́tà orúkọ.

Fún ìpìlẹ̀, iye ihò tí o fẹ́ lọ́nà mẹ́ta, kí o fi márùn-ún lé e. Òpó àkọ́kọ́ á wọ ṣéènì kẹjọ, kí o kà á láti ẹnu abẹ́rẹ́. Ká ní ihò mẹ́wàá lo fẹ́, ṣéènì 35 ni.

Àṣírí kan rèé tí àwọn ìwé kì í sábà kọ́ni. Má bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Fi gíga kọ́tíìnì ṣe ìpìlẹ̀, kí o máa hun lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìbú ló máa ń ṣòro láti sọ tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ lò ń hun lọ, wàá kàn gbé e síwájú ọ̀pá wò, ibi tó bá ti tó ni wàá gé òwú.

ỌmọDùgbẹ̀

Mà, èyí yé mi yékéyéké. Àmọ́ mo wo fídíò méjì lórí YouTube, ọ̀kan ń pe òpó yẹn ní double, èkejì ń pè é ní treble. Ta ni kí n gbà gbọ́?

AráLeeds

Àwọn méjèèjì jàre. Double Amẹ́ríkà ni treble Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo wà yìí, Gẹ̀ẹ́sì kan náà, orúkọ ọ̀tọ̀. Wo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ọnà bóyá wọ́n kọ US tàbí UK síbẹ̀. Bí wọn ò bá kọ ọ́, wá ọ̀rọ̀ single: ti Amẹ́ríkà ló ń lo single crochet, ti ibí kì í lò ó.

Nígbà tí mo sì ti débí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà. Kọ́tíìnì oníhò ń boni lọ́sàn-án nìkan. Lọ́sàn-án, ìta ló mọ́lẹ̀ ju inú lọ, ẹni tó wà níta kò rí nǹkan. Tó bá di alẹ́, tí NEPA bá múná dé tí o tan gílóòbù, ọ̀rọ̀ yí padà: inú ló mọ́lẹ̀, aládùúgbò á wá rí ọ jù bí ó ti rí ọ lọ́sàn-án lọ, kọ́tíìnì á kàn fi ọnà sí i. Ilẹ̀ yìí kún fún kọ́tíìnì nẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí ẹ̀rọ kọ́tíìnì léèsì ti dé sí Nottingham ní 1846. Síbẹ̀, ilẹ̀ ṣú tán, ọ̀pọ̀ ilé ló ń fa kọ́tíìnì tó nípọn bo ti nẹ́ẹ̀tì náà.

ỌmọDùgbẹ̀

Yéè! Àṣálẹ́ ni mò ń ro àmàlà.

BàbáKọ́tíìnì

😂 Má jáyà. Ṣe ihò tó dí ju èyí tó ṣí lọ, pàápàá ní agbedeméjì, níbi tí orí àti èjìká máa ń wà. Tó bá ṣì ń hàn, ra aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fi ṣe láínì sẹ́yìn rẹ̀, kí o so láínì náà mọ́ òrùka kan náà. Ṣùgbọ́n má rán an mọ́ etí ìsàlẹ̀. Aṣọ láínì kì í fà bíi ti ìhun, tí o bá rán an pa pọ̀, ìsàlẹ̀ á máa wú.

AráBàhíà

Ẹ kú ìjíròrò láti Salvador, ní Brazil. Kọ́tíìnì kíróṣé ò ṣàjèjì níbí, pàápàá ní ilé ìdáná. Òwú tí wọ́n ń pè ní barbante ni wọ́n máa ń lò, okùn òwú tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pa láró, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ọ̀gì. Ó yá hun torí ó sanra, kọ́tíìnì á sì wúwo dé ibi tí atẹ́gùn ò ní máa gbé e sókè. Àmọ́ ẹrù yẹn náà ló máa ń fà á gùn.

Mo fẹ́ kìlọ̀ nípa nọ́ńbà ara òwú. Barbante 4 tín-ínrín, 6 sanra jù ú, 8 sanra jùyẹn lọ. Òwú kíróṣé dídán, òdìkejì ni: 10 ló sanra, 20 tín-ínrín sí i, 30 tín-ínrín gan-an. Ẹni tó bá ka ọnà wọn, tó wá lọ béèrè “òwú nọ́ńbà 8” lọ́dọ̀ olówùú mìíràn, ohun tí kò retí ni wọ́n máa kó fún un.

ÌyáOlówùú

Ẹ ṣeun, ará òkè òkun. Òwú dídán nọ́ńbà 10 ni kó lò, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìkọ́ mílímítà kan ààbọ̀. Dídán yẹn kì í ṣe ti ojú lásán. Omi sódà líle, irú èyí tí a fi ń se ọṣẹ, ni wọ́n ń rì í bọ̀, wọ́n á sì fà á ṣinṣin. John Mercer ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ rí i ní 1844 pé sódà ń yí òwú padà. Ó ń jẹ́ kí òwú lágbára, ó sì ń jẹ́ kó gba aró dáadáa.

ỌmọDùgbẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo èrò yìí. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mi ò fẹ́ hun òdòdó róòsì. Mo fẹ́ ya Ìbàdàndùn sórí ìwé gráàfù, ọnà àdìrẹ tó ní òpó gbọ̀ngàn Màpó àti ṣíbí láàárín wọn. Ṣé ó lè ṣeé ṣe?

ÌyáOlówùú

Ọmọ mi! O gbọ́n. Inú àpótí-àpótí ni àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ gan-an máa ń to ọnà wọn sí, ó bá iṣẹ́ wa mu. Òpó Màpó ni ihò tó dí, àárín òpó Màpó ni ihò tó ṣí. Fi ihò mẹ́ta ṣe ìbú òpó Màpó kọ̀ọ̀kan, kó lè dúró dáadáa. Ṣíbí ló máa le díẹ̀ torí orí rẹ̀ tó rí róbótó, ó ní láti ga tó ihò méje kí ojú tó lè mọ̀ pé ṣíbí ni.

Àmọ́ rántí pé ẹ̀gbẹ́ lò ń hun lọ. Yí ìwé gráàfù rẹ dùbúlẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí o bá ń hun ún, òpó Màpó á dùbúlẹ̀ lórí itan rẹ, ọjọ́ tí o bá gbé e kọ́ ni á dìde.

Abẹ́rẹ́Méjì

Òpó Màpó tó dùbúlẹ̀, àfi kí Olúbàdàn má gbọ́.

Ọ̀rọ̀ gidi: rí i dájú pé ihò rẹ gún régé kí o tó ya ọnà. Ọwọ́ àwọn kan máa ń fa òwú sókè kí wọ́n tó pa òpó, ihò wọn á ga ju ìbú rẹ̀ lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí o bá yí i dìde, òpó Màpó á sanra, á kúrú. Ka ihò nínú sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ní ìbú, ka ìlà nínú mẹ́wàá ní gíga. Tí iye méjèèjì ò bá jọra, gba abẹ́rẹ́ mìíràn tàbí kí o dẹ ọwọ́.

ỌmọDùgbẹ̀

Ẹ kú sùúrù, mo ti ń dá àpẹẹrẹ wò láti ọjọ́ yẹn. Mo hun méjì, ọ̀kan pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìkọ́, ọ̀kan pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn méjì, òwú kan náà, 20 ní 20. Mo fọ̀ wọ́n, mo gbé wọn kọ́ pẹ̀lú péègì. Ti abẹ́rẹ́ méjì di 23. Ti kíróṣé di 21. Ihò kíróṣé náà jẹ́ 12 nínú sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ìlà jẹ́ 12.

ÌyáOlówùú

😊 Mi ò sọ nǹkan kan o.

Ṣé bí kọ́tíìnì ṣe máa dúró ni o gbé àpẹẹrẹ kíróṣé náà kọ́? Ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀.

ỌmọDùgbẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni mà, mo dà á dùbúlẹ̀ kí n tó fi péègì mú un.

Abẹ́rẹ́Méjì

Mo gbà fún màmá lórí ti ilé ìdáná. Tó bá kan pálọ̀, a ó tún pàdé.

Ìṣirò rẹ rèé. 20 tó di 21, ìdá kan nínú ogún ló fi gùn. Tí o bá hun 57, á fà dé bíi 60. Ihò 12 nínú mẹ́wàá túmọ̀ sí pé ihò 68 ni gíga rẹ. Ìlànà màmá: 68 lọ́nà mẹ́ta, kí a fi márùn-ún lé e, ṣéènì 209. Ká ní o ò ṣe àyẹ̀wò ni, ihò 72 lò bá hun, kọ́tíìnì á ti máa fọwọ́ ba síńkì.

Gbé àpẹẹrẹ yẹn sórí òṣùwọ̀n kí o tó tú u. Gíráàmù mélòó ni?

ỌmọDùgbẹ̀

Mọ́kànlá, lórí òṣùwọ̀n aláṣe kéèkì tó wà nísàlẹ̀ ilé wa.

Abẹ́rẹ́Méjì

20 ní 20 jẹ́ 400. Kọ́tíìnì rẹ, 140 ní 60, jẹ́ 8,400. Ìlọ́po 21 nìyẹn. 21 lọ́nà 11 jẹ́ gíráàmù 231. Fi díẹ̀ kún un fún etí àti òrùka, àti torí pé ihò tó dí máa ń jẹ òwú ju èyí tó ṣí lọ. Bí ìdì kan bá jẹ́ gíráàmù 50, ra mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí nọ́ńbà aró ara bébà wọn sì jọra. Funfun ò bára mu bí ojú ṣe rò, aró ọjọ́ ọ̀tọ̀ máa ń hàn gbangba tí oòrùn bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Èkó-ò-gba-gbẹ̀rẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá lè hun irú ẹ̀ fún mi, èló ni? Fèrèsé pálọ̀ ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.

BàbáKọ́tíìnì

Balógun ò tíì kó lọ o, ọ̀gá mi. 😂

AráBàhíà

Báwo lẹ ṣe ń ṣe é lọ́yẹ́, pẹ̀lú eruku? Níbí, atẹ́gùn òkun ni ìṣòro tiwa.

ÌyáOlówùú

Ti ilé ìdáná, eruku ọyẹ́ àti epo díndín ló jọ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ó tó dúdú ni kí a fọ̀ ọ́. Rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, rọra máa tẹ̀ ẹ́, má fún un, má sì lo bílíìṣì. Ká a sínú táwẹ̀lì, tẹ omi jáde. Lẹ́yìn náà tẹ́ ẹ sórí fóòmù tí a fi aṣọ bò, fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, fi píìnì gún un yíká títí á fi gbẹ. Ìgbà yẹn ni ihò á là, tí òpó Màpó á nàró.

Láyé ìgbà tiwa a máa ń fi sítáàsì gbágùúdá sí i kó lè gan, irú èyí tí àwọn aládìrẹ náà ń lò. Ti orí àga nìyẹn dára fún. Nílé ìdáná, má dán an wò. Aáyán fẹ́ràn sítáàsì ju bí o ṣe fẹ́ràn àmàlà lọ.

ỌmọDùgbẹ̀

Ó ku ohun kan ṣoṣo. Irin olè wà nínú fèrèsé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ògiri. Ibo ni ọ̀pá máa dúró?

BàbáKọ́tíìnì

Má so ó mọ́ irin olè. Irin yẹn máa ń dógùn-ún, òwú funfun ò sì ní gbàgbé ìpẹtà láé. Ra ọwọ́ ọ̀pá tó yọ síta tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà tàbí méje, kí kọ́tíìnì má baà máa ha irin, kí ọwọ́ rẹ sì lè kọjá lẹ́yìn rẹ̀ lọ ṣí lúfà. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri wa, nítorí náà kí wọ́n fi ẹ̀rọ lu ú, kí wọ́n ti ike síkúrù wọ inú ihò náà kí síkúrù tó wọlé. Ìṣó lásán á yọ. Bí ọ̀pá bá gùn tó 140, wá ọwọ́ kẹta sí àárín, torí gíráàmù 231 kò pọ̀ nígbà tó gbẹ, ṣùgbọ́n wàá gbé e kọ́ ní tútù lọ́jọ́ kan.

ỌmọDùgbẹ̀

Ó yé mi, sà. Mo ti ka ṣéènì 209 lẹ́ẹ̀mejì, mo ti fi òwú pupa sàmì sí ogún-ogún. Mo ń lọ sórí ìlà kejì.